Wáìnì Pupa Ọdún Ìdótì

Wadad Jiha, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá, gbé ìgò òfìfo náà dùbúlẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i nídìí, ó sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yan àgbàdo. Ó ti da ìwọ̀nba wáìnì tó kù nínú rẹ̀ sínú ife. Ara ìgò gan-an ló ń wò báyìí.

Sájẹ́ńtì Tanyus dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò rójú dúró sójú kan.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ ti kúrò ní tẹ́ṣàn. Tó bá ti dé, ká gbé ará Síríà yẹn sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Kí lẹ tún ń wá nínú ìgò?"

"Kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ mi."

Ará Síríà tí Tanyus ń sọ ni Khalaf, ọkùnrin tó ń tọ́jú ọgbà àjàrà ilé yìí, tó sì ń mójú tó yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó wáìnì sí. Ó jókòó sábẹ́ igi àsálà nínú àgbàlá, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó jí wáìnì. Gbogbo Zahle ló mọ ohun tí ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ máa ń dà fún irú wọn: ọkọ̀ kò ní gbé e lọ sílé ẹjọ́, ààlà ló máa gbé e lọ. Ibi tí Khalaf sì ti sá wá, kò sí ilé kankan tó dúró níbẹ̀ mọ́, àwọn tó ń lé e nìkan ló kù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Ìyá Fuad, opó tó ni ilé, fẹ́ ta àwọn wáìnì àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Gaston Shakkur, oníṣòwò wáìnì láti Beirut, wá sùn sílé náà láti tọ́ wọn wò. Láàárọ̀, Khalaf gbé ìgò méjì gòkè wá, pupa kan, funfun kan. Ọdún ìdótì ni wọ́n ṣe méjèèjì, ọdún tí Bàbá Fuad ká àjàrà nígbà tí bọ́ǹbù ń bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìlú. Fuad, ọmọ ilé, ló ṣí wọn lójú ìyá rẹ̀. Kọ́ọ̀kì pupa ti gbó débi pé ó gé sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ìgò sílẹ̀ lórí tábìlì nínú yàrá ìtọ́wò kí wáìnì lè mí, wọ́n gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ fún Máàsì Ọjọ́ Àgbélébùú. Nígbà tí wọ́n dé, Gaston fi pupa kan ẹnu, ó tu ú sílẹ̀, ó pariwo. Ó ní wáìnì inú ìgò kò ju ti ọdún kan lọ, àti pé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ abẹ́ ilẹ̀ ló ti kó ojúlówó lọ.

Wadad fi ìgò sílẹ̀, ó fa ife méjì súnmọ́ ara wọn. Ọ̀kan ni pupa tí wọ́n ń jà lé lórí. Ìkejì ni funfun ọdún kan náà, tó bu láti inú ìgò kejì.

Ó gbé pupa lákọ̀ọ́kọ́. Ó pọ́n dòdò, etí rẹ̀ ń tàn ní àwọ̀ àlùkò. Ó yí i lẹ́nu. Ó le, ó ń já ahọ́n, ó dà bí ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó tu ú sínú agolo. Gaston kò parọ́ ní ti èyí: wáìnì ọmọdé ni.

Ó gbé funfun. Èyí kò funfun mọ́. Ó ti di àwọ̀ oyin ìgàn, òórùn àsálà àti ìda oyin ń ti inú rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́nu, ó tutù pẹ̀sẹ̀, ó gùn. Bó ṣe tu ú sílẹ̀ tán, adùn rẹ̀ kò tẹ̀ lé e lọ. Àgbà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí ń ṣe wọ́n: pupa tó bá dàgbà a máa ṣá, funfun tó bá dàgbà a máa pọ́n, bí wọ́n bá sì pẹ́ láyé tó, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé láàárín ọ̀nà.

"Wọn ò fọwọ́ kan funfun," ó sọ fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè. "Tanyus, wá wo inú ìgò pupa yìí. Kí lo rí?"

"Ìdọ̀tí."

"Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ wo ló lẹ̀ mọ́?"

"Ẹ̀gbẹ́ ibí."

"Ìlà ẹfun tó wà lára ìgò níta ńkọ́?"

"Ẹ̀gbẹ́ kejì." Ojú Tanyus tàn. "Ẹ̀rí mi gan-an nìyẹn! Ẹfun wà ní ìka Khalaf. Mo rí i."

"Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, òun ló ń tún ìlà náà kùn. Tí wọ́n bá tẹ́ ìgò sílẹ̀ nínú ilé yìí, wọ́n á fi ẹfun sàmì sí apá òkè, kí ẹni tó bá fẹ́ gbé e má ṣe yí i po. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á wá rọra jókòó sí apá ìsàlẹ̀. Fi èékánná ha á."

Tanyus ha á lẹ́nu ìgò títí dé ibi tí ìka rẹ̀ mọ. Kò ṣí.

"Ṣé ohun tí èèyàn dọ́gbọ́n ṣe lánàá nìyẹn?"

"Ó dà bíi pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ìgò tòótọ́ ni. Kọ́ọ̀kì rẹ̀ gbó, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ gbó, àmì rẹ̀ wà níbi tó yẹ. Ohun tí wọ́n ní kí Khalaf gbé wá ló gbé wá. Ẹni tó pààrọ̀ wáìnì inú rẹ̀ ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí i. Nínú yàrá yìí, nígbà Máàsì."

"Kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ Khalaf náà?"

"Èyí gan-an ló yẹ kó o ti bi ara rẹ léèrè kó o tó de èèyàn." Ó ti ń jáde bó ṣe ń sọ ọ́.

*

Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbá ewé kiri àgbàlá. Khalaf fẹ́ dìde nígbà tó rí i, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fà á padà.

"Ẹ jókòó, Bàbá Jasim," Wadad wí. Jasim lorúkọ àkọ́bí rẹ̀. Tanyus, tó ti ń pè é ní "ìwọ" láti àárọ̀, wo ilẹ̀. "Lẹ́yìn tẹ́ ẹ gbé ìgò gòkè, ibo lẹ gbà?"

"Inú ọgbà, ọ̀gá. Àwọn tó ń ká àjàrà ti ń dúró dè mí. Mi ò kúrò níbẹ̀ títí sájẹ́ńtì fi ránṣẹ́ pè mí."

"Ta ló rí yín?"

"Gbogbo àwọn tó ń ká àjàrà. Ṣùgbọ́n ará Síríà ni wá látòkè délẹ̀. Sájẹ́ńtì ní tí a bá da ẹ̀rí gbogbo wa pọ̀, kò tó ti èèyàn kan."

Tanyus wúkọ́.

"Wáìnì yìí, ẹ máa ń tọ́ ọ wò?"

"Èmi?" Khalaf fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Bí ìyàwó ọ̀rẹ́ ẹni ló rí sí mi. Mo ń ṣọ́ ọ, mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ta ló kù sílé nígbà tí wọ́n lọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ọ̀gbẹ́ni ará Beirut. Ó ní orí ń fọ́ òun, òun fẹ́ sùn lókè." Ó gbójú sí ojú ọ̀nà. "Ọ̀gá, tí ọkọ̀ yẹn bá dé, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n rí ìyàwó mi ná?"

Wadad kì í fi ọ̀rọ̀ asán ṣe ènìyàn lóore. Ó yí padà, ó yára wọlé.

*

Ní ilé ìdáná, Ìyá Fuad ń se kọfí tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ pé kó sè. Kọfí ń ru sórí iná.

"Ìyá Fuad, wáìnì pupa ọdún tó kọjá, ti ilé yìí, ibo ló wà?"

"Ó kún inú àgbá, ọmọ mi. A fi jẹun lálẹ́ àná. Ìdajì jọ́ọ̀gì ló kù, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá ìtọ́wò. Mo fẹ́ fi se ẹran."

Tanyus sáré lọ, ó sáré dé. Jọ́ọ̀gì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi òrùka pupa nísàlẹ̀.

"Ohun tí wọ́n dà sínú ìgò nìyẹn," Wadad wí.

"Ọwọ́ ará ilé nìyẹn o!" Tanyus sọ.

Ibẹ̀ ni Fuad wọlé bá wọn, ọkùnrin gíga kan tó lọ kọ́ ìmọ̀ wáìnì ní ilẹ̀ Faransé, tó sì padà wá bá ìyá tó fẹ́ ta wáìnì ilé. "Ọwọ́ ará ilé wo? Ṣé èmi lò ń bá wí?"

"Ta ló tún kù?" ìyá rẹ̀ dá a lóhùn kí ọlọ́pàá tó lanu. "Ìwọ tó o sá kúrò ní Máàsì kí àlùfáà tó gbé ife sókè! O rò pé mi ò rí ọ? Ojú mi lókùnkùn, kò fọ́."

Wadad kọjú sí Fuad.

"Ibo lo lọ?"

"Ilé." Fuad gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ó dáa. Mo fẹ́ kó ìgò méjèèjì padà sábẹ́ ilẹ̀ kí ọkùnrin yẹn má ba à tọ́ wọn wò. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tà wọ́n. Bàbá mi ò kú nítorí kí wọ́n lè fi wáìnì rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìtọ́wò, kò ṣí. Mo rò pé Khalaf ti tì í. Mo bá padà sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ gbọ́ fúnra yín!" Tanyus gbé ìka sókè. "Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Kọ́kọ́rọ́ abẹ́ ilẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Khalaf," Wadad wí. "O ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn fún odidi wákàtí kan. O rí ihò kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn rẹ̀?"

Tanyus ronú. "Ìdábùú irin nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Ti inú nìkan ni wọ́n ti lè tì í. Ẹni tó ń pààrọ̀ wáìnì wà nínú yàrá nígbà tí Fuad fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn."

"Ìyẹn tí Fuad ò bá parọ́."

"Òótọ́ lo sọ." Ó wo Fuad. "Ó ṣeé ṣe kó o parọ́. O fẹ́ ba ọjà jẹ́, ọjà sì ti bàjẹ́."

"Ọ̀gá, tí mo bá fẹ́ ba ọjà jẹ́, ṣé pupa ni màá fọwọ́ kàn?" Fuad bínú débi pé ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọdé ilé yìí tí kò tíì hu eyín mọ̀ pé funfun ọdún ìdótì ni ọba. Kí ló dé tá a fi ń mu ún kẹ́yìn, lẹ́yìn pupa? Ó ti wà níbẹ̀ lórí tábìlì, ó ti ṣí. Èmi á sì fi ọba sílẹ̀, kí n lọ máa bá ìránṣẹ́ jà?"

Wadad dúró gbọnrangandan. Ìgò méjì, méjèèjì ti ṣí, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Olè nawọ́, ó mú èyí tó kéré. Ará ilé kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ láé.

"Ìyá Fuad, ẹ bá mi bu kọfí yẹn sínú ife fún àlejò yín."

*

Gaston Shakkur jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú pálọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ara wọn, fúláàsì kékeré kan lórí itan rẹ̀. Wadad gbé kọfí ka iwájú rẹ̀.

"Rárá, ọmọ mi. Àyà ń ta mí. Tíì ewé nìkan ni dókítà ní kí n máa mu."

"Ilé opó lẹ wà. Ẹ mọ̀ pé ìwọ̀sí ni kíkọ kọfí jẹ́ níbí."

"Ilé opó tó fẹ́ rẹ́ mi jẹ!" Ó ṣí fúláàsì, ó bu díẹ̀ sínú ìdérí rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò le lọ́kàn. Mo ti sọ fún un: kó fún mi ní gbogbo pupa ọdún ìdótì tó kù ní iye tí wọ́n ń ta ọtí kíkan, màá pa ẹnu mi mọ́. Tí kò bá gbà, gbogbo Beirut á gbọ́."

"Khalaf ńkọ́?"

"Ta ni Khalaf?"

"Ọkùnrin tí ẹ ní ó jalè."

"Áà, ìyẹn." Ó gbé ìdérí súnmọ́ imú, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó rọra fà á sẹ́nu. Ó mú un dání díẹ̀ kó tó gbé e mì. "Wọ́n pọ̀ lọ jàra."

Wadad ń wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ẹnu fúláàsì tó ṣí sílẹ̀. Kò sí èéfín kankan tó ń rú níbẹ̀.

"Orí tó ń fọ́ yín ńkọ́?"

"Ó ti ń sàn. Mo sùn látìgbà tí wọ́n jáde títí wọ́n fi dé."

"Ẹ tọ́ funfun wò?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe é? Funfun tó bá ti pọ́n báyẹn ti bàjẹ́. Ilé yìí ló ń fi í ṣe kẹ́yìn bí ẹni tó ń fi ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ṣe ìparí. Pupa ni wáìnì, ọmọ mi. Pupa nìkan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi."

Láti ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá tó ń gun òkè bọ̀, ó ń kérora ní kọ́nà.

Wadad jáde. Kò rìn, ó sáré.

*

Nígbà tó padà, Ìyá Fuad àti Fuad tẹ̀ lé e, Tanyus sì wà lẹ́yìn wọn. Ife díńgí méjì ló gbé dání. Funfun ọdún ìdótì wà nínú ọ̀kan, ìkejì ṣófo. Ó tò wọ́n sórí tábìlì nínú oòrùn fèrèsé.

"Ọ̀gbẹ́ni Gaston, ọ̀fun ń gbẹ Ìyá Fuad. Ó fẹ́ bu díẹ̀ nínú tíì yín."

"Ó ti tán."

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Mo ní ó ti tán! Ṣé ìwọ̀sí ni mo wá gbà?" Ó di fúláàsì mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan mì pọ́lọ́ nínú rẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́ ọ.

Wadad na ọwọ́ sí i. Tanyus súnmọ́ ọn ní ìgbésẹ̀ kan. Gaston gbé e sílẹ̀.

Ó dà á rọra sínú ife òfìfo. Ohun tó jáde ní àwọ̀ tíì lóòótọ́: pupa tó ti ṣá di àwọ̀ bíríkì, etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí oyin. Ó gbé e ti funfun. Àwọn méjèèjì dúró lórí tábìlì bí tọkọtaya tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ ara wọn, tí ojú wọn ti fẹ́ jọra.

"Tíì tí kì í rú èéfín," Wadad wí. "Tíì tí wọ́n ń yí nínú ife kí wọ́n tó gbóòórùn rẹ̀. Ọwọ́ yín ti mọ́ iṣẹ́ yín jù, Ọ̀gbẹ́ni. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ra yín, ẹ bu pupa sínú fúláàsì, ẹ da ti jọ́ọ̀gì sínú ìgò. Ẹ fẹ́ fi ariwo ra ìyókù ní owó ọtí kíkan. Ẹ kò fọwọ́ kan funfun, torí ẹ̀yin nìkan ni ẹni tó wà nínú ilé yìí lónìí tí kò mọ iyì rẹ̀."

"Tíì ni mo sọ."

Ìyá Fuad ti gbé ife náà. Kò mu ún. Ó kàn fi imú kàn án, ojú rẹ̀ sì pa dé. Ó wá àga lẹ́yìn ara rẹ̀, ó jókòó.

"Bàbá Fuad," ó wí jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ Bàbá Fuad nìyí."

Gaston ń wo ife tó wà lọ́wọ́ opó náà, kì í ṣe opó náà.

"Ohun kan ni kò yé mi," Wadad wí. "Yàrá ìtọ́wò ní agbada ìfọwọ́. Tí ẹ bá ti dà á síbẹ̀, ta ni ì bá mọ̀? Kò ní sí ẹ̀rí kankan lókè eèpẹ̀."

"Kí n dà á nù?" Ohùn rẹ̀ ga, ó dà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Wáìnì yẹn? Tó bá ti ṣí, kò ní rí ọ̀la, àfi kéèyàn mu ún lónìí. Ta ló lè da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù?"

Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu, ó ti pẹ́ jù.

"Wáìnì lẹ kò lè dà nù," Wadad wí. "Èèyàn lẹ lè dà nù."

Níta, ọkọ̀ dé, bíréèkì rẹ̀ han.

"Tanyus, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ padà lófìfo. Mú Ọ̀gbẹ́ni lọ. Kó o tó mú un lọ, lọ tú Bàbá Jasim sílẹ̀. Kó o sì bẹ̀ ẹ́."

"Ọ̀gá, bẹ̀ ẹ́ kẹ̀?"

"Sókè. Kí àwọn tó o ní ẹ̀rí wọn ò tó ti èèyàn kan gbọ́."

Ìyá Fuad bu funfun sínú ife mìíràn, ó nà án sí i. Wadad mi orí. Ó ti fi kọ́ọ̀tù rẹ̀ lé èjìká. Ìyá àti ọmọ jókòó ti ìgò náà, wọn kò sọ̀rọ̀ nípa títà mọ́. Bóyá lọ́la, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá.

Nínú àgbàlá, Khalaf ń ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Tanyus sọ nǹkan tó ní láti sọ, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé egungun mì, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Khalaf fetí sí i tán, ó ní, "Ó dáa, sájẹ́ńtì," ó sì yí sí Wadad. "Ọ̀gá, àjàrà tí wọ́n ti ká wà nínú oòrùn látàárọ̀. Tí n ò bá lọ, á kan."

"Ẹ ṣì fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ lónìí?"

"Kí àjàrà ṣòfò?"

Ó wọ inú ọgbà lọ, ó ń pe orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wadad wa mọ́tò jáde. Lẹ́nu géètì, obìnrin kan jókòó sílẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ẹrù tí wọ́n fi aṣọ àgọ́ dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò kan àti ìbùsùn tí wọ́n ká. Wọn kò ní láti sọ fún un pé ìyàwó Khalaf ni. Obìnrin náà ti gbọ́ pé wọ́n mú ọkọ òun, ó sì ti di gbogbo ayé wọn, bí ẹni tó ti ṣe é rí tí kò nílò kí wọ́n kọ́ ọ.

Wadad dúró, ó sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀.

"Ìyá Jasim, wọ́n ti tú u sílẹ̀. Ẹ padà sílé."

Obìnrin náà kò mira. Ó ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọlọ́pàá rí.

Ohùn Khalaf wá láti inú ọgbà, ó ń bú ẹnìkan tó to apẹ̀rẹ̀ sínú oòrùn. Obìnrin náà gbé orí sókè. Ó tẹ́tí títí ọ̀rọ̀ èébú náà fi parí, ó sì gbá ọmọ tó sún mọ́ ọn jù lẹ́yìn, pé kí ló ń wò, kó wá bá òun tú okùn.

Wadad dúró títí ìdè àkọ́kọ́ fi tú. Ó fi mọ́tò sí jíà, ó lọ.